Àbùjá Ọ̀nà Tó Wà Lórí Kíbọ́ọ̀dù

Ó pẹ́ tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ kí n tó kíyè sí i pé ọwọ́ ọ̀tún mi ń rin ìrìn àjò tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Bí mo bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà gbólóhùn kan, màá gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, màá wá máòsì, màá fà á gba orí gbólóhùn náà, màá sì wá ibi tí wọ́n kọ Copy sí, kí n tó tún padà síbi tí mo ti kúrò. Kí n tó padà dé, èrò tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lè ti fò lọ. Èyí ló dùn mí ju àkókò tó ṣòfò lọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àbùjá nìyẹn, ìyẹn títẹ bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù dípò lílo máòsì. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀: Ctrl+C (di Ctrl mú, kí o sì tẹ C) fún ẹ̀dà, Ctrl+X fún gígé, Ctrl+V fún lílẹ̀, Ctrl+Z fún yíyí ohun tí a ṣe padà. Lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tò tẹ̀lé ara wọn ní ìlà ìsàlẹ̀, lápá òsì, nítòsí Ctrl, èyí kò sì ṣèèṣì. Larry Tesler àti Tim Mott ló ṣe iṣẹ́ gígé àti lílẹ̀ ní Xerox PARC, ilé ìwádìí iléeṣẹ́ Xerox, láàárín ọdún 1970 sí 1979. Nígbà tí Tesler lọ sí Apple, àwọn lẹ́tà náà jáde lórí kọ̀ǹpútà Lisa ní 1983 àti Macintosh ní 1984. C nìkan ni orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ti X, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn yóò rí àlùmọ́gàjí tó lanu.

Àmọ́ àwọn tó yí iṣẹ́ mi padà kì í ṣe mẹ́rin yìí. Àwọn bọ́tìnnì olófà ni. Bí a bá di Ctrl mú tí a sì tẹ ọfà ọ̀tún, àmì tó ń ṣẹ́jú níbi tí a ti ń kọ̀wé yóò fo odidi ọ̀rọ̀ kan dípò lẹ́tà kan. Bí a bá fi Shift kún un, ọ̀rọ̀ tó ń fò kọjá ni yóò máa mú, ìyẹn ni pé yóò sàmì sí i. Ctrl+Backspace ń pa odidi ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Ctrl+Home sì ń gbé wa lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, bó ti wù kó gùn tó. Láti ọjọ́ tí ìka mi ti mọ ìwọ̀nyí ni mo ti lè tún odidi ìpínrọ̀ kan kọ láì fọwọ́ kan máòsì. (Lórí Mac, Command ló sábà ń ṣe iṣẹ́ Ctrl, ṣùgbọ́n Option ni a fi ń fo ọ̀rọ̀.)

Mo ti pa ojú-ìwé mẹ́ta rẹ́ rí nítorí pé mo mú gbogbo ọ̀rọ̀ pẹ̀lú Ctrl+A, tí mo sì tẹ lẹ́tà kan lé e lórí. Ctrl+Z ló gbà mí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e lẹ́yìn tó bá ti pa fáìlì náà dé, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ètò, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ máa ń parí sí.

Ẹ̀dà tuntun a sì máa lé ẹ̀dà àtijọ́ jáde. Ẹni tó bá ń lo Windows 10 tàbí 11 lè tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ V, kó sì tan ibi tí ó ń pa àwọn ẹ̀dà mọ́ sí; yóò máa rí ohun tó ti dà kọ sẹ́yìn, títí dé 25. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Ctrl+Shift+T ń dá táàbù tí a ṣèèṣì tì padà.

Mi ò gbàgbọ́ nínú títẹ ìwé tó ní ọgọ́rùn-ún àbùjá mọ́ ara ògiri. Méjì péré ni mo ń kọ́ lọ́sẹ̀ kan, inú àwọn ètò tí mo ń lò gan-an ni mo sì ti ń rí wọn, torí pé wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kan àwòrán yíyà, máòsì ni mo ṣì ń mú láì ronú. Lọ́sẹ̀ yìí, F2 tí a fi ń yí orúkọ fáìlì padà ni mo ń kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti gbàgbé rẹ̀ láàárọ̀ yìí.