Láti “Ẹ ṣé àná” dé “Tack för senast”

Ẹni tó bá ń palẹ̀ mọ́ láti kó wá sí Swídìn, “tack” ni kó kọ́kọ́ kọ́. Wọ́n ń fi í dúpẹ́, wọ́n sì ń fi í tọrọ nǹkan: “En kaffe, tack” ni wọ́n ń wí tí wọ́n bá fẹ́ ra kọfí. Tí wọ́n bá jẹun tán, tọmọdé tàgbà ló ń sọ fún ẹni tó se é pé “Tack för maten”. Ṣùgbọ́n “Tack för senast” ló wú mi lórí jù. Bí wọ́n bá ṣe yín lálejò ní Sátidé, tí ẹ tún pàdé láàárín ọ̀sẹ̀, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ. “Ẹ ṣé àná o” tiwa gan-an nìyẹn! Ní Ìbàdàn, ẹni tó jẹun nílé yín lánàá tí kò dúpẹ́ láàárọ̀, wọ́n á ní kò moore.

Ibi tó le ni “du”, ìyẹn “ìwọ”. Wọn kì í fi “ẹ” bá àgbà sọ̀rọ̀ níbí. Ní 1967, nígbà tí Bror Rexed di ọ̀gá àgbà Medicinalstyrelsen, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìlera, ó ní òun yóò máa pe gbogbo òṣìṣẹ́ lórúkọ àbísọ, kí wọ́n sì máa pe òun náà bẹ́ẹ̀. Àṣà ọ̀hún tàn ká kíákíá. Dókítà, tíṣà, ọ̀gá ibiṣẹ́, “du” ni gbogbo wọn. Ìyá àgbà kan ń gbé òdìkejì ilé mi ní Göteborg. Bí mo bá ti rí wọn, ìkúnlẹ̀ ló máa ń wá sí mi lára, “hej”, ìkíni wọn ṣókí, nìkan ló sì ń jáde. Mi ò jẹ́ fi “ni”, ìyẹn “ẹ” tiwọn, bá wọn sọ̀rọ̀, torí etí àwọn àgbà míì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń ta wọ́n nù.

Ní Èkó, “Ó wà o!” la fi ń dá dánfó dúró. Nínú tíráàmù níbí, ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì. Bí èrò bá dí ọ̀nà, “Ursäkta” (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú) ti tó. Kò sí “ẹ kú ìjókòó”, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Ọ̀fẹ́ ni SFI, ẹ̀kọ́ èdè Swídìn tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣe fún àwa tá a ṣí wá. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kíákíá. Bí wọ́n bá sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì nítorí yín, ẹ ní “Kan vi prata svenska?” (Ṣé a lè sọ èdè Swídìn?) Wọ́n á padà, wọ́n á sì rọra sọ ọ́.