Wákàtí Wo Ni Wọ́n Jáde Nínú Ẹyin?

Ẹni tó bá ń pe iléeṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìẹ, tó sì ń ta ọmọ rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, "Èló ni?" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Wákàtí tí àwọn òròmọdìẹ náà jáde nínú ẹyin lèmi máa ń fi ṣíwájú, kí n tó bèèrè ìgbà tí ọkọ̀ máa gbé wọn kúrò. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù níbi tí mo ti ń ra tèmi ti mọ̀ mí mọ̀ ọ́n. Bó bá ti gbọ́ ohùn mi, á ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa jáde, àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé la máa dì wọ́n." Mi ò tíì kí i tán tó ti dá mi lóhùn.

Mo nídìí tí mo fi ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bó bá ku díẹ̀ kí òròmọdìẹ bẹ́ èèpo ẹyin, pupa ẹyin tó ṣẹ́kù a gba ìdodo rẹ̀ wọ inú ikùn rẹ̀ lọ. Òun ni oúnjẹ rẹ̀, òun náà ni omi rẹ̀, fún nǹkan bíi wákàtí 72. Ohun tó jẹ́ kí ìyá adìẹ lè máa sàba lọ lórí àwọn ẹyin tó kù nìyẹn, láìjẹ́ pé ebi pa èyí tó kọ́kọ́ jáde. Ohun tó sì jẹ́ kí èèyàn lè kó nǹkan ẹlẹ́mìí sínú páálí, kó fi í ránṣẹ́ bí ẹrù, náà nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1918 ni iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ti ń gbé òròmọdìẹ, wákàtí 72 yìí kan náà ni òfin wọn sì fi pààlà: láàárín rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Àmọ́ wákàtí 72 yẹn kì í dúró de ìgbà tí wọ́n bá lẹ páálí pa. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò nínú ẹ̀rọ, ní nǹkan bíi 37.5°C. Tó bá di ọjọ́ kejìdínlógún, wọ́n á kó o lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn, ibẹ̀ ló ti máa pa. Gbogbo wọn kì í sì í jáde pọ̀. Èyí tó yára jù lè ti máa rìn káàkiri inú tíréè fún odindi ọjọ́ kan kí èyí tó gbẹ̀yìn tó yọ àgógó síta. Òṣìṣẹ́ kò ní máa ṣí ẹ̀rọ ṣáá nítorí ẹyọ kan, torí ọ̀rinrin inú rẹ̀ á sá jáde, èyí tó ṣẹ́kù á sì há mọ́ inú èèpo. Ó dìgbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ bá gbẹ. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: kí wọ́n tó ka adìẹ tó yára yẹn, kí wọ́n tó wo ìdí rẹ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, kí wọ́n tó gún un lẹ́yìn ọrùn ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà Marek, àrùn tó máa ń rọ adìẹ lẹ́sẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tó gbé wáyé. Ọkọ̀ kò sì tíì gbéra o.

Ìdí tí n kì í fi í gba adìẹ tó máa kúrò nílé iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀ tàbí lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn, bí owó rẹ̀ ṣe wù kó wálẹ̀ tó. Ìdádúró díẹ̀ báyìí, òpin ọ̀sẹ̀ ti dé, ẹni tó yẹ kó pè yín kí ẹ wá gbẹ́rù ti wà nílé rẹ̀.

Ní ti wíwo akọ àti abo, àwọn ará Japan méjì, Kiyoshi Masui àti Juro Hashimoto, ló fi ìwádìí wọn là á fún aráyé ní àwọn ọdún 1920, pé èèyàn lè tẹ ihò ìdí òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan kó sì dá a mọ̀. Iṣẹ́ ojú ni, kì í ṣe gbogbo ojú ló sì mọ̀ ọ́n. Àwọn irú kan wà tí wọ́n fi àwọ̀ ya ara wọn: abo á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, akọ á funfun bíi wàrà tó ti sá. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń rà. Bí ẹ bá sì rà ní ìwọ̀nba, tí ẹ rí akọ mélòó kan tí ẹ kò béèrè nínú páálí, ẹ má tíì pariwo olè. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fi akọ kún páálí kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè pọ̀ tó láti mú ara wọn gbóná. Ó dáa kí ẹ ti bèèrè ṣáájú, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ fẹ́ tàbí ẹ ò fẹ́.

Ní tilé, iná ti gbọ́dọ̀ wà ní títàn láti ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá gbọ́ pé ọkọ̀ ti dé. Afẹ́fẹ́ ò pẹ́ gbóná. Ilẹ̀ ló ń pẹ́, ilẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ wọn wà. Bíi 32 sí 35°C ni mo ń wá, ibi tí ẹ̀yìn adìẹ máa ga dé sì ni mo ń gbé tẹmómítà sí, n kì í fi í kọ́ sára ògiri. Pákó fífá ni mo ń tẹ́. Bébà dídán máa ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn á là sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀.

Kí n tó ṣí páálí, mo máa ń gbé etí lé e. Bí wọ́n bá ń kùn wúyẹ́wúyẹ́, ara wọ́n yá. Igbe tó han gan-an, tó ń lọ láìdánudúró, òtútù ni tàbí ebi. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò kí ọwọ́ yín tó kan ohunkóhun, torí ó máa wúlò tí ẹ bá ní láti gba owó padà. Mo máa ń mú bíi mẹ́wàá lára wọn, mo á fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kan ọrùn mi. Ọrùn kì í tanni jẹ: bó bá tutù sí mi lára, kò sí ohun tí tẹmómítà lè sọ fún mi.

Omi ló kàn, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí mo fún ní ṣúgà díẹ̀, nínú abọ́ pẹlẹbẹ tí mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí kí wọ́n má bàa rì. Mo máa ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan, mo á ti ṣóńṣó àgógó bọ omi. Mi ò ní jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo á dúró kó gbé orí sókè, kí ọ̀fun rẹ̀ mì. Ọ̀fun tó mì yẹn ni mo ń wá. Bí mẹ́ta mẹ́rin bá ti mọ ibi tí omi wà, àwọn yòókù á máa wò wọ́n ṣe é. Bí mo ṣe ń mú wọn náà ni mo ń wo ìdí, bí ìgbẹ́ bá ti gan mọ́ ọn, mo á fi aṣọ tí mo ti bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ̀ ẹ́ kúrò. Ẹ kíyè sí i o: èépá dúdú tó wà lápá ikùn, ìdodo nìyẹn, kì í ṣe ìgbẹ́. Mo ti rí ẹni tó fà á tu tí ìfun tẹ̀ lé e.

Kí n tó sùn, mo máa ń tẹ àpò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun wọn. Bó bá rọ̀ bí àpò tó kún, ó ti jẹ, ó ti mu. Bó bá le, oúnjẹ nìkan ló rí. Bó bá ṣófo, ẹ gbé e sẹ́bàá oúnjẹ lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó bá kú lójú ọ̀nà, mo máa ń kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló sì ti máa ń fi méjì kún ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ti ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún yàtọ̀. Nígbà yẹn, pupa ẹyin ti tán nínú ikùn, adìẹ tí kò tíì mọ oúnjẹ á kàn máa rọ. Ẹ ṣí ikùn rẹ̀ wò, ìwe á ṣófo. Mi ò kì í pe iléeṣẹ́ nítorí èyí. Ìdí gílóòbù ni mo ń lọ, mo á wo ibi tí òjìji bo abọ́ oúnjẹ, mo á gbé e bọ́ sójú ìmọ́lẹ̀, mo á sì fi ọ̀kan kún un.