Kọ́mà Méjì

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Ojú tì mí lónìí. Láàárọ̀ ni mo fi ìkéde kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́: "The trainees, who missed Monday's class, will not sit the test." Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo wa ni ò ní ṣèdánwò ni?"

Mo ní rárá o, àwọn tó pa kíláàsì jẹ nìkan ni. Ó ní, "Ohun tẹ́ ẹ kọ kọ́ nìyẹn, sà."

Mo tún un kà. Òótọ́ ló sọ. Ká ní mo yọ kọ́mà méjèèjì ni, "who missed Monday's class" ì bá ṣa àwọn tí kò wá sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí kọ́mà ti dúró lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, kò ṣa ẹnikẹ́ni mọ́. Ó di àlàyé téèyàn lè yọ kúrò láìdí nǹkan kan lọ́wọ́: "The trainees will not sit the test." Gbogbo wọn pátá!

Wọ́n kọ́ mi ní kékeré pé ibi tí mo bá ti mí ni kí n fi kọ́mà sí. Mo mí lóòótọ́.

Yorùbá ò sì jẹ́ kí n fura. "Àwọn tó pa kíláàsì jẹ kò ní ṣèdánwò": "tó" ti ṣà wọ́n tán. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ni, màá sọ pé, "Gbogbo wọn ló pa kíláàsì jẹ, wọn ò sì ní ṣèdánwò." Iṣẹ́ tí a fi odidi gbólóhùn ṣe ni Gẹ̀ẹ́sì gbé lé àmì bín-ín-tín lọ́wọ́.

Ní ti "that" àti "which", H. W. Fowler, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó kọ ìwé atọ́nà lórí ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti dá a lábàá ní 1926 pé kí "that" máa ṣà, kí "which" máa ṣàlàyé. Àwọn olóòtú ní Amẹ́ríkà gbà á ju àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn lọ.

Mo wá ṣí lẹ́tà tí mò ń kọ sí ọ̀rẹ́ mi: "My wife who loves reading sends her greetings." Kò sí kọ́mà kankan. A jẹ́ pé mo ní ìyàwó mìíràn níbì kan tí kì í kàwé. Mo fi han ìyàwó mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ fi kọ́mà méjèèjì sí i kíákíá.