Férémù àti Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ tó Yẹ Ọ̀nà Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú

Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ni òpópónà márosẹ̀ tó lọ sí Bẹ́níì, níbi tí àwọn tírélà ti ń sáré débi pé atẹ́gùn wọn nìkan tó láti ti kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà. Èkejì ni ọ̀nà tó gba inú ìlú, tó kọjá ní Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn, Àgọ́-Ìwòyè àti Òrù. Èyí ni èmi àti àbúrò mi yàn, a sì fẹ́ kí ó gbé wa kọjá Ìjẹ̀bú-Òde dé Òkè-Ẹ̀rì, lẹ́bàá Erédò Sùngbọ́. Odi àti kòtò tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká yìí tó nǹkan bí kìlómítà 160 ní àyíká rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n máa fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e ní abala-abala. Irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀, tí ọ̀dà wà níbì kan tí ilẹ̀ pupa sì wà níbòmíràn, tí ènìyàn yóò sì di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ló mú kí n fara balẹ̀ wá férémù àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó bá a mu kí n tó ná owó kankan.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ṣàgámù ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìlú obì ni Ṣàgámù, bàbá yìí sì ti ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń kó obì àti ti àwọn adẹ́mu ṣe láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Mo bá a nídìí Raleigh àtijọ́ kan tó dorí rẹ̀ kodò, ó ń fa sípóòkù rẹ̀ le. Mo kí i, mo sì sọ ohun tí mo bá wá. Kàkà kí ó dá mi lóhùn, ó ní kí n ka sípóòkù ẹsẹ̀ iwájú, mo kà á, ó jẹ́ 32. Ó ní kí n ka ti ẹ̀yìn, ó jẹ́ 40.

“Ṣé o rí i? Ẹ̀yìn ni ẹrù ń gbé, ẹ̀yìn náà ni ìwọ tí o gùn ún ń jókòó sí. Àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá fi èyí tó ní sípóòkù 24 hàn ọ́ pé ó fúyẹ́, má di ẹrù lé e o.”

“Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ íńṣì 26 ni kí n wá ni, àbí 28?”

“28 wo? Ti Raleigh yìí, àbí ti àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé báyìí?”

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń ra kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà tí a ń pè lọ́jà kò sọ gbogbo òótọ́. Táyà Raleigh àtijọ́ tó jẹ́ 28 x 1½ jókòó lórí ríìmù tí ìbú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì jẹ́ mìlímítà 635, ṣùgbọ́n 700C, tí àwọn kan náà ń pè ní 28, jẹ́ 622. Mìlímítà 13 péré ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ táyà ọ̀kan kò lè bá ríìmù èkejì lò láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni 26 rí: 26 x 1⅜ ti àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jẹ́ 590, nígbà tí 26 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń gùn káàkiri àdúgbò, jẹ́ 559. Bàbá mú ògbólógbòó táyà kan nílẹ̀, ó fi àkísà tó ti rẹ sínú kẹrosíìnì nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi kúrò, nọ́ńbà kékeré kan sì yọ lára rọ́bà náà: 47-559. Nọ́ńbà 47 ni fífẹ̀ táyà, 559 sì ni ìwọ̀n ibi tó ti jókòó lórí ríìmù. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ máa kà nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ ra táyà, ẹ má tẹ̀lé ohun tí ẹni tó ń tà á bá pè é.

559 ni mo mú. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé táyà àti túùbù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà wa. Ìdí kejì ni gíga mi. Mítà 1.65 ni mo ga, férémù tó sì kéré tó láti gba irú èmi, bí a bá fi ẹsẹ̀ 622 sí i, orí bàtà a máa kan táyà iwájú bí ènìyàn bá fẹ́ yí kọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ga ju mítà 1.75 lọ kò ní irú ìṣòro yìí, n kò sì ní sọ fún un pé kí ó má lo 622.

Férémù tí mo rí jẹ́ onírin, tòkunbọ̀, ti kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ohun tí mo wọ̀n níbẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ. Mo wọn irin ìsàlẹ̀ tó ti ibi pẹ́dà lọ sí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó jẹ́ mìlímítà 440, èyí tó dára fún ẹni tó fẹ́ so àpò méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kárià, nítorí pé bí irin yẹn bá kúrú, gìgísẹ̀ yóò máa gbá àpò ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá yí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ihò tí a ó fi bóòtù kárià sí wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá gun orí rẹ̀, mo na ọwọ́ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti mọ̀ bóyá ẹ̀yìn mi yóò gbà á fún ọ̀pọ̀ wákàtí. A lè gbé ìjókòó sókè tàbí kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè ṣe sí férémù tó bá gùn jù.

A gbéra kí oòrùn tó mú. Kẹ̀kẹ́ àbúrò mi jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 622, táyà rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, 28-622. Kí a tó dé Ìkẹ́nnẹ́ ló ti wà níwájú mi dáadáa. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ẹsẹ̀ ńlá ló ń fa irú eré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ tirẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, yóò rin mítà 2.13; tèmi yóò rin 2.05. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ni ìyàtọ̀ náà, yíyí jíà sí ìpele kan péré sì ju ìyẹn lọ. Ẹrù mi tó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ àti okun ọmọdé tó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mú un síwájú.

Kí a tó wọ Ìlíṣàn, ó kó sínú kòtò kan tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lójú rẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a yọ túùbù náà, ihò méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí pé ríìmù àti etí kòtò ló fún túùbù pọ̀ láàárín. A lẹ̀ ẹ́. A gbé e dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan nílé ìtajà kékeré kan, ṣùgbọ́n ẹnu pọ́ǹpù rẹ̀ kò wọ ẹnu túùbù náà, nítorí pé irú ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe irú ti mọ́tò. Pọ́ǹpù ọwọ́ la fi fẹ́ ẹ títí àyà fi ń dùn wá. Irú ti mọ́tò ni tèmi, fọkanáísà èyíkéyìí ló sì lè fẹ́ ẹ.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú ta kẹ̀kẹ́ yìí kí n ra irú tiyín ni?” ni àbúrò mi béèrè.

Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló fa ìyọnu rẹ̀, ẹsẹ̀ 622 kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tí mo ń rí lójú ọ̀nà wa ni pé àyè tí férémù fi sílẹ̀ fún táyà ṣe pàtàkì ju bí ẹsẹ̀ ṣe tóbi tó lọ. Férémù 622 tó gba táyà 40 yóò gbé ènìyàn la Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú já láìsí wàhálà, nígbà tí férémù 559 tí kò gbà ju 30 lọ yóò máa jẹ túùbù gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀ ṣe jẹ ẹ́. Kí ènìyàn sì tún fi mìlímítà 6 sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì táyà, nítorí pé lásìkò òjò, ilẹ̀ pupa a máa lẹ̀ mọ́ rọ́bà títí yóò fi há ẹsẹ̀ náà mọ́ férémù.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, etí kan tí a fi de kárià mi mọ́ férémù sán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tọ́ka wa sí páńẹ́bítà kan. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má fi iná mànàmáná jó o, nítorí pé irin férémù tó dára a máa fẹ́lẹ́, iná bẹ́ẹ̀ sì lè lu ú. Ó bu omi sí kábáìdì, ó tan iná gáàsì, ó fi àkísà tútù wé ọ̀dà tó wà nítòsí, ó sì mú ọ̀pá idẹ. Irin náà pọ́n díẹ̀ péré, idẹ yọ́, ó sì ṣàn wọ inú ojú sísán náà bí òróró. Ooru tí idẹ nílò kò tó èyí tí yóò yọ́ irin fúnra rẹ̀. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, kì í sì í dípẹtà, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo ti lè rí ẹni tí yóò jó o dáadáa láàárín Ìlíṣàn sí Òrù, ìdí nìyí tí n kò fi ní gbé e rin ìrìn tó jìnnà.

Ìjẹ̀bú-Òde la sùn sí. Lówùúrọ̀, kí a tó yà sí ọ̀nà Òkè-Ẹ̀rì, mo dín afẹ́fẹ́ táyà mi kù láti PSI 55 sí 40, ó sì di ilẹ̀ pupa mú dáadáa láìyọ̀. Níbẹ̀, lábẹ́ igi, la ti fi rúlà wọn férémù àbúrò mi. Àyè tó wà láàárín irin méjèèjì níbi tí táyà ẹ̀yìn ti ń kọjá jẹ́ mìlímítà 48. Ó ti ń rò ó pé òun yóò ra ẹsẹ̀ 584, tó kéré sí 622, kí òun lè lo táyà tó fẹ̀ sí i, èyí tí kẹ̀kẹ́ oníbíréèkì dísìkì bíi tirẹ̀ lè gbà, ṣùgbọ́n táyà 584 ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, owó rẹ̀ sì pọ̀. Táyà 35-622 yóò wọ orí ríìmù tó ti ní, yóò sì ku mìlímítà 6 àti ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Méjì ni yóò rà ní Èkó, pẹ̀lú irin kékeré tí a máa ń yí mọ́ ẹnu túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ kí pọ́ǹpù fọkanáísà lè wọ̀ ọ́.