Ṣáájú àga, ẹsẹ̀ ni

Ọjọ́bọ̀. Wọn ò mú iná wá láti àárọ̀, ìwé ni mo gbájú mọ́.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi fẹ́ kí n kọ nípa àga ìrọ̀gbọ̀kú tí Charles àti Ray Eames ṣe, èyí tí ilé iṣẹ́ Herman Miller gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956. Awọ dúdú, pákó olówó iyebíye tó ń dán, àpótí ìtìsẹ̀ níwájú rẹ̀. Mi ò bá a jiyàn, àga náà dáa. Kódà, mo ti rí ayédèrú rẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Òkè-Fíà, àwọn oníbàárà ò sì gbọdọ̀ jókòó sí i. Àmọ́ bí mo ṣe ń ka ìtàn tọkọtaya yìí lọ sẹ́yìn, ọkàn mi kúrò lára awọ àti fóòmù, ó lọ dúró sórí nǹkan kan tí kì í ṣe àga rárá.

Lọ́dún 1942, Amẹ́ríkà wà lójú ogun. Irin ni àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn fi ń di ẹsẹ̀ ẹni tó bá kán lẹ́sẹ̀. Irin náà kì í bá ẹsẹ̀ mu, bí wọ́n bá sì ń gbé aláìsàn lọ, á máa gbọ̀n, ìnira á tún wá lé sí i. Dókítà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Charles, Wendell Scott, ló sọ ọ́ fún un. Òun àti Ray bá fi puláíwúùdù ṣe òmíràn, ẹsẹ̀ Charles fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì fi wọn bó ṣe máa rí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni àwọn ológun kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe. Nígbà tí ogun fi máa parí, ó ti tó 150,000.

Mo tẹjú mọ́ àwòrán rẹ̀ títí fóònù mi fi fẹ́ kú. Ó gùn, inú rẹ̀ jìn, ó fẹ̀ níbi itan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbá gìgísẹ̀ mú. Ojú ihò gbọọrọ gbọọrọ wà lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Inú ihò wọ̀nyí ni wọ́n ti ń fa báńdéèjì kọjá, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á mọ̀yẹn. Iṣẹ́ kejì tí wọ́n ń ṣe ló wù mí. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ lé ara wọn ni puláíwúùdù, ìlà èyí gba òró, ìlà ìkejì gba ìbú. Tó o bá ní kó tẹ̀ sí ọ̀nà kan, á gbà fún ọ. Tó o bá ní kó tẹ̀ sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí gìgísẹ̀ ṣe tẹ̀, á ká jọ, á sì ya. Ibi tí pákó ti máa bá wọn jà gan-an ni wọ́n gé kúrò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni inú fúláàtì tí wọ́n háyà ní Los Angeles ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀sán, Charles ń bá ilé iṣẹ́ sinimá MGM ṣe iṣẹ́. Lálẹ́, á gbé pákó àti gọ́ọ̀mù wọlé. Wọ́n fúnra wọn kan ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Kazam!: POP ni wọ́n fi ṣe ìda rẹ̀, ìyẹn ohun tí pákó máa gba ìrísí rẹ̀, wáyà iná ń mú un gbóná, àpò rọ́bà tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ló sì ń ti pákó mọ́ ìda. Wọ́n máa ń sọ pé Charles gun òpó lọ fa iná tó lágbára wá fún ẹ̀rọ náà. Tó bá jẹ́ Òṣogbo ni, á kàn gun òpó lásán ni.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ kí màmá ilé kejì. Ọ̀kadà ló gbé wọn ṣubú, àwọn ọmọ wọn sì gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun lọ́nà Ìlobùú. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ wọn, mò ń wo pàǹpá ọparun tí wọ́n fi aṣọ dì yí i ká. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ fá ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà gé awọ ara. Níbi ọrùn ẹsẹ̀, àwọn kéékèèké ni wọ́n tò síbẹ̀.

"Kí lò ń wò lẹ́sẹ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ rà á?"

Mo ní kí wọ́n má bínú, mo wá sọ ti Charles fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ọkùnrin yẹn gan-an, ṣé ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà kán ni?" Mo ní rárá o. Wọ́n ní, "Ó ṣe é re, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ló yẹ kéèyàn fi wọn tó kán."

Láti ibẹ̀ mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá káfíńtà ní Òkè-Baálẹ̀. Mo fi àwòrán LCW (Lounge Chair Wood) tí Charles àti Ray ṣe hàn wọ́n, àga pákó kékeré ọdún 1946 tí ìwé ìròyìn Time pè ní iṣẹ́ ọnà tó dára jù ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Wọ́n yí fóònù sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ya ẹ̀yìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìdí?"

Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ mi bi mí nìyẹn. Lọ́dún 1940, Charles àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ayàwòrán ilé, Eero Saarinen, fẹ́ tẹ ìdí àti ẹ̀yìn àga pọ̀ mọ́ra láti ara pákó kan ṣoṣo, fún ìdíje kan tí Ilé Ọnà Ìgbàlódé ní New York ṣe. Ojú pákó náà ya, wọ́n bá fi fóòmù àti aṣọ bò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ kọ́ṣẹ́ ni wọ́n gbà fún pákó: ìdí lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, eegun ẹ̀yìn kan láàárín wọn, rọ́bà níbi tí wọ́n ti so pọ̀ kí ó lè máa rọ̀ díẹ̀ tí èèyàn bá fara tì í. Àga tí wọ́n ń yìn kárí ayé yìí, ìfàsẹ́yìn ni lójú tèmi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí ìyẹn.

"Ibi tí ìdí ti pàdé ẹ̀yìn yẹn, àwa náà mọ̀ ọ́n," ni ọ̀gá wí. "Tẹ puláíwúùdù níbẹ̀, wàá gbọ́ ohùn rẹ̀." Nílùú tí Adébísí Àkànjí ti kúrò nídìí iṣẹ́ bíríkìlà, tó wá fi sìmẹ́ńtì mọ ère sínú igbó Ọ̀ṣun, mi ò rí ìdí tí n ò fi ní kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá káfíńtà sínú iṣẹ́ mi.

Ohun kan tún ń bí mi nínú. Nígbà tí ilé ọnà New York yẹn pàtẹ àwọn àga yìí lọ́dún 1946, orúkọ Charles nìkan ni wọ́n kọ. Ayàwòrán ni Ray kó tó fẹ́ ẹ, òun ló sì gé ọ̀kan nínú àwọn pákó ẹsẹ̀ yẹn títí ó fi di ère. Nínú iṣẹ́ tèmi, orúkọ méjèèjì ló máa wà níbẹ̀.

Mo kọ̀wé sí olùkọ́ mi lórí WhatsApp pé ṣé mo lè fi pákó ẹsẹ̀ ṣe orí tó gùn jù, kí àga ìrọ̀gbọ̀kú wá gbẹ̀yìn. Èsì wọn: "Àga ni mo ní kí o kọ nípa rẹ̀, kì í ṣe ilé ìwòsàn." Mi ò tíì fèsì. Ọ̀gá káfíńtà ní kí n wá pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mélòó kan wá ní Sátidé, kí n gbé ẹsẹ̀ mi náà dání.