A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà wá pé kò ní lè mí, ó ń mí. Ó ti ń sáré káàkiri inú ilé báyìí, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í tán. Ọpẹ́ mi pọ̀ ju ẹnu mi lọ.

Oyún náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 28 tí omi rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, tí ìrọbí sì mú mi. Dókítà ló là á yé mi pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ni ọ̀rọ̀ wà. Àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró, omi díẹ̀ sì máa ń wà lára ògiri wọn nínú. Bí a bá mí síta, omi yẹn a máa fà wọ́n pọ̀, wọn a lẹ̀ mọ́ra bí àpò náílọ́ọ̀nù tí omi wọ̀. Èròjà ọlọ́ràá kan tí ara ń ṣe, surfactant, ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 ni ọmọ inú oyún ti ń ṣe é, àmọ́ ó di ọ̀sẹ̀ 34 tàbí 35 kí ó tó pọ̀ tó. Tèmi kò dé ibẹ̀.

Wọ́n ní kí n gba abẹ́rẹ́ dexamethasone, mílígíráàmù 6 ní wákàtí méjìlá méjìlá, lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn kan nínú ẹbí bẹ̀ mí pé kí n má gbà á, pé abẹ́rẹ́ ti pọ̀ jù. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Mo gbà á. Èmi ni wọ́n gún, ọmọ ni wọ́n ń tọ́jú. Oògùn yìí jọ cortisol, họ́mọ̀nù tí ara ọmọ fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde sí i bí ọjọ́ ìbí bá ti ń sún mọ́lé, kí ẹ̀dọ̀fóró lè múra sílẹ̀. Ó ń gba inú ibi ọmọ kọjá lọ jẹ́ iṣẹ́ yẹn ṣáájú àkókò. (Kì í ṣe oògùn tí a ń dá rà lò o. Dókítà ló mọ aláboyún tó yẹ.) Wọ́n tún fa magnesium sulfate sí mi lára láti dáàbò bo ọpọlọ ọmọ. Ooru èyí mú mi gan-an, mo sì fara dà á. Olúwa dá ìrọbí náà dúró títí abẹ́rẹ́ fi ráyè ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọmọ dé, ó ké. Igbe náà kéré, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ! Wọ́n ṣì ní láti fi túùbù tín-ín-rín da surfactant sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní caffeine, ti inú kọfí yìí náà, kí èémí rẹ̀ má baà máa dúró.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí Ó lò. Ní 1959, Mary Ellen Avery àti Jere Mead fi hàn pé surfactant kò tó nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé tí àìlèmí pa. Ní New Zealand, ohun tó ń mú àgùntàn rọbí ni Graham Liggins ń wádìí, àfi bí ọmọ àgùntàn tó fún ní irú họ́mọ̀nù yìí ṣe ń mí nígbà tí kò yẹ kó lè mí. Òun àti Ross Howie gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1972.

Abiyamọ 282 ló wà nínú ìwádìí yẹn. Àwọn kan gba oògùn tó lágbára, àwọn yòókù gba èyí tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan kí wọ́n lè fi wéra, ọmọ tó sì kú pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí. Ara ohun tí ojú wọn rí ni èmi fi gbé ọmọ tèmi dání lónìí. Mo ń rántí wọn nínú àdúrà. Kí Olúwa tu àwọn tó sunkún nínú, kí Ó má sì gbàgbé ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ bá mi ṣe àmín.