Ẹ Má Dúró De Ọjọ́ Ìkómọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ojú Ọmọ Tuntun Tó Ń Pọ́n

Nígbà tí ẹ bá ń kun adìẹ, ẹ máa ń ṣọ́ òróòro kó má bẹ́. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: àwọ̀ ewé ni. Ara ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó ló ti wá. Ara adìẹ ń tú èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ palẹ̀, ó ń sọ ọ́ di biliverdin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. Tiwa kò parí síbẹ̀. Ara wa tún ń sọ biliverdin di bilirubin, tó pọ́n bí ìyeyè, òun ló sì ń pọ́n ojú ọmọ tuntun.

Sẹ́ẹ̀lì pupa àgbàlagbà ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó gbó. Ti ọmọ tuntun kì í tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ki ju tiwa lọ, nítorí náà bilirubin rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́ di ohun tó lè yòrò, kó bá òróòro wọ inú ìfun, kó sì bá ìgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń pọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tó sì ń mọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Èyí tó bá yọ kí wákàtí 24 tó pé kò dáa rárá.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: ẹ gbé ọmọ sí ojú fèrèsé lọ́sàn-án, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Ẹ fi ìka tẹ imú rẹ̀, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ wo àwọ̀ ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà. Ọmọ tó dúdú, ẹ wo èrìgì rẹ̀ náà. Láti ojú ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti pọ̀ gan-an. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ iye rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn wá jù ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ni “ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kómọ ná.” Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni bilirubin sábà máa ń ga jù, ìkómọ sì di ọjọ́ kẹjọ. Bó bá wọ ọpọlọ, ó lè di ọmọ létí pa, ó sì lè sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara títí ayé. Bí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ dẹ̀ tàbí tó ń tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.

Oòrùn àárọ̀ ńkọ́? Lóòótọ́ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ló ń yí bilirubin padà kó lè jáde, ó sì wà nínú oòrùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wọn ti ìta, ó lè jó ọmọ lára, ó sì ń jẹ àkókò. Omi glúkóòsì tún burú: ó ń kún ikùn, ọmú mímu á dín, ìgbẹ́ á dín, bilirubin inú ìfun á sì padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmú ni, ìgbà 8 sí 12 lójúmọ́.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tí ẹ fi kánfọ̀ tọ́jú sínú àpótí kò gbọ́dọ̀ kan ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọkùnrin, ni kò ní èròjà G6PD, tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, tó. Kánfọ̀ á fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa wọn yángá.

Bí ojú bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbẹ́ ni kí ẹ wò. Bó bá funfun bí ẹfun, tí ìtọ̀ sì pọ́n débi tó ń pa aṣọ láwọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà òróòro ti dí. Iṣẹ́ abẹ tó bá wáyé kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́ ló sàn jù. Ẹ má fọ nápíkìn náà. Ẹ gbé e dání wá sílé ìwòsàn.